Ta Ló Ni Ìrìn Òní?

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dé Atakpamé ni mo fi kẹ̀kẹ́ bú àgbàlagbà kan láì la ẹnu. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé èébú ni. Mo rò pé mò ń fi hàn wọ́n pé akínkanjú ọmọ ló wá bá wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Nígbà tí mò ń kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi kò sunkún. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, wọ́n ní àwọn kò bẹ̀rù ebi, àwọn kò bẹ̀rù ibà, ohun tí àwọn ń bẹ̀rù ni kí n lọ máa dá gbé níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi mí pé mo jí bí. Wọ́n fún mi ní ọdún kan. Tìjání, ọmọ àdúgbò wa tó máa ń kó aṣọ òkè lọ sí Atakpamé, tó sì máa ń padà sílé lẹ́yìn ìkórè, ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ó bá dé láì mú ọ̀rọ̀ wá láti ẹnu àgbà kan níbẹ̀ pé mo ti di ènìyàn wọn, ẹ̀gbọ́n mi yóò wá mú mi padà sóko. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn mi o, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ràn ọkọ́ rẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn mi: inú ebè ló ti máa ń rántí mi. Ọdún kan ni mo ní, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo sì ti ba nǹkan jẹ́.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò dá yín dúró. Mo lọ, mo sì dé. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi ni òkè. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ti kọ́ kẹ̀kẹ́, èmi sì ni mò ń gbé lẹ́tà àwọn òyìnbó ìjọ wa lọ sí Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ń bá mi lójú ọ̀nà, mo sì ti gbà pé kò sí ẹni tí yóò bá mi láyé. Ní Atakpamé, ilé orí òkè ń wo òrùlé ilé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun òkè ibẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ru igi kọjá lára mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì dúró dè mí lókè kó lè kí mi kú àbọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, èmi àti ṣọ́jà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Kọmandan, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ìlú, pàdé lójú ọ̀nà tóóró, òun náà lórí kẹ̀kẹ́. Nílé wa lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì la ń gbà. Lábẹ́ Faransé, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo yà sí òsì mi, ó yà sí ọ̀tún rẹ̀, ibì kan náà ni méjèèjì bọ́ sí, a sì jọ wọ inú kòtò. Ó fi Faransé bú mi, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnìkejì. Nígbà tó rí i pé táyà òun ti rọ̀, ó na ọwọ́ sí pọ́ńpù mi, mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi ní gbogbo oríta pé ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún, bí ọmọ ilé kéú tó ń há ẹ̀kọ́ sórí.

Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe ni ọjà wẹ́wẹ́: abẹ́rẹ́, òwú, ìyarun àti dígí, tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kiri abúlé. Dígí ló ń dá mi lágara. Àwọn obìnrin á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á wo ojú wọn títí, wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á pe ọ̀rẹ́ wọn kó wá wo tirẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní kí n kú iṣẹ́. Àwọn onílùú, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, ń sọ èdè kan tó bá tiwa tan. Mo máa ń gbọ́ ìdajì, màá sì fi ẹ̀rín dí ìdajì tó kù. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe èdè, ìkíni ni. Nílé, kí n tó dé odò, ogún ènìyàn ti kí mi, mẹ́wàá nínú wọn ti bi mí ìgbà tí n óò gbéyàwó. Ní Atakpamé kò sí ẹni tí ìgbéyàwó mi kàn. Èmi tí mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa bi mí ní ìbéèrè náà, mo wá ń wá ẹni tí yóò bi mí kiri ìlú.

Kòmlá ló mú mi wọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Ọmọ Ifẹ̀ ni, télọ̀ ni, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, bàbá rẹ̀ ló sì fún mi ní yàrá tí mò ń gbé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará wa oníṣòwò tí wọ́n ń kírun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Fadá náà wà níbẹ̀, ohun tó sì so wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára fún ẹni tí táyà rẹ̀ jò tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Olórí wọn ni Bàbá Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, oníṣòwò obì tó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn Jámánì, kí Faransé tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Tìjání ti sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹni tó wà ní ìlú náà, ẹnu Bàbá Ràímì nìkan ni ìyá mi yóò gbà gbọ́, nítorí agbolé wọn kò jìnnà sí tiwa.

Kòmlá ní ilé ọ̀fọ̀ ni a ń lọ ní Agbonou, kí n wá ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo fi òróró pa ṣéènì. Mo nu agogo títí ó fi ń dán. Nígbà tí gbogbo wa pé sábẹ́ igi máńgòrò, ẹnì kan bèèrè pé, “Ta ló ni ìrìn òní?” Wọ́n dáhùn pé Bàbá ni. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Bàbá ló ní kí a jáde, n kò sì bèèrè. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

A gbéra. Bàbá Ràímì wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń rò ó wò, kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Àwọn yòókù tò tẹ̀lé wọn, géńdé ọkùnrin tí wọ́n lè fi eré pa ehoro, wọ́n ń rìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ìyá wọn. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní bóyá wọn kò mọ̀ ọ́n gùn ni, bóyá nítorí èyí gan-an ni Ọlọ́run fi mú mi wá. Mo tẹ agogo, mo tẹ kẹ̀kẹ́, mo kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọjá lára Bàbá Ràímì pẹ̀lú, mo sì tún tẹ agogo kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Mo dé Agbonou nígbà tí wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ òkè tán. Mo rí ilé tí wọ́n to àga síta, mo wọlé, bàbá arúgbó kan fún mi ní omi, ó sì jókòó tì mí. Ó wò mí, mo wò ó. Ojú tì mí láti jókòó láìsọ̀rọ̀ nílé ọ̀fọ̀, mo bá ní kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó bi mí pé bàbá wo. Mo ní bàbá tó lọ. Ó ní ìyàwó òun ló lọ. Òun ni bàbá ilé, òun kò sì tíì múra.

Nígbà tí Bàbá Ràímì dé, tí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn mẹ́tàlá yòókù sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé dìde dúró kí wọn. Ìgbà náà ni mo rí bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ìlà kan ṣoṣo, wọn kò kánjú, bí ẹni pé wọ́n ti ń ru ọ̀fọ̀ náà bọ̀ láti ilé. Èmi wà lórí àga pẹ̀lú kọ́ọ̀pù omi lọ́wọ́, mo jọ ẹni tó wá gba gbèsè.

Lójú ọ̀nà ilé ni Kòmlá ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye. Ó ní kò sí ìrìn tí kò ní ẹni tó ni ín, àfi ẹyọ kan. Tí a bá ń lọ kí ènìyàn, ìbáà ṣe ọ̀fọ̀ ìbáà ṣe ìkómọ, àgbà ló ni ìrìn, ẹsẹ̀ wọn ni ẹsẹ̀ gbogbo wa, ẹni tó bá sì kọjá wọn ń sọ fún aráyé pé wọ́n ti tán. Tí a bá ń lọ sọ́jà, ẹrù tó wúwo jù ló ni ín. Ẹni tó bá gbé e, kódà kó jẹ́ ọmọ àná, òun ni Bàbá Ràímì fúnra wọn yóò tẹ̀lé, a kì í sì í dúró de ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ìrìn Kamina nìkan ni kò lólúwa. Eré ni, kí oníkálùkù gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀.

“Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o bèèrè kí o tó gùn ún,” ló wí. “Bíbéèrè kì í jò bíi táyà.”

Bàbá Ràímì kò bá mi wí. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé láti ọjọ́ náà èmi ni ìrù. Ìrù ni ẹni tó ń gùn gbẹ̀yìn, tó ń gbé pọ́ńpù àti àlẹ̀mọ́ táyà, tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi délé.

Mo kọ lẹ́tà sílé. Tíṣà ìjọ wa ni yóò kà á sétí ìyá mi, gbogbo agbolé yóò sì pé jọ gbọ́, nítorí náà ènìyàn kò lè kọ gbogbo òtítọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn ará wa ti gbà mí, wọ́n sì ti fún mi ní oyè. N kò darúkọ oyè náà. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Ìyá mi ní àwọn dúpẹ́, oyè dára, ṣùgbọ́n kí ni Bàbá Ràímì fi ẹnu ara wọn sọ? Mo ká lẹ́tà náà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, n kò dáhùn.

Ẹ̀yìn ni mo wà fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yìn sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ń rí ọ̀nà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń rí ènìyàn. Mo mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà nípa bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ya tí wọn kò lẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ń rẹ̀, nítorí èjìká ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbọ́. Mo lẹ táyà ní oòrùn, mo lẹ̀ ẹ́ nínú ẹrẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ tí mo sì ń bá lẹ̀ ẹ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin Ifẹ̀ kan tí kò kí mi rí bi mí lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń fẹ́ táyà rẹ̀, pé ìgbà wo ni n óò gbéyàwó. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ táyà náà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bẹ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n gbà kí n bá wọn lọ sí Kamina. Ibẹ̀ ni àwọn irin gíga tí àwọn Jámánì fi ń bá ilé wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè ti ṣubú nígbà ogun, tí koríko sì ti bò wọ́n. Mo bèèrè ẹni tó ni ìrìn, wọ́n ní kò lólúwa. Mo tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kòmlá ní bí mo bá tún bèèrè òun yóò fi pọ́ńpù lù mí.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbádùn ara mi. Ọ̀nà náà tẹ́jú, atẹ́gùn wà lẹ́yìn mi, mo sì tún di ẹni tí mo jẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Mo kọjá ọkùnrin oníṣòkòtò yíya náà, mo kọjá Kòmlá tó ń bú mi bí mo ṣe ń lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi mọ́, irin tó wó náà ti ń yọ lókèèrè, ibẹ̀ ni òpin eré. Lórí irin náà gan-an ni Bàbá Ràímì jókòó sí. Wọ́n ti ṣíwájú wa lọ láàárọ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní.

Kí ni kí n ti ṣe? Èmi tí mo ti kọjá àgbà lẹ́ẹ̀kan, tí mo fi oṣù púpọ̀ jìyà rẹ̀? Ẹsẹ̀ mi kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo bẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku bí ogún ìṣísẹ̀, mo ju kẹ̀kẹ́ sínú koríko, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ ni mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn. Kòmlá ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, èmi nìkan ló kù lójú ọ̀nà, Bàbá Ràímì sì fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí, ìkórè sì ti ń tán lóko. Tìjání ti ń di ẹrù.

Ọjà tó kù kí Tìjání tó lọ ni ti Elavagnon, ní òdìkejì odò Mono. Kí a tó gbéra lọ sí ọjà, Bàbá Ràímì máa ń yípo, wọ́n á fi ọwọ́ kan gbé ìdí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè wò, ibi tó bá ti wúwo jù ni wọ́n á dúró sí. Ti Kòmlá ló máa ń wúwo jù, nítorí orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń dì sẹ́yìn, tí yóò jókòó sọ́jà rán aṣọ fún àwọn ará oko. Ó lágbára, kì í sì í fi eré ṣeré. Òfin náà, Bàbá fúnra wọn ló ṣe é. Ní ọjọ́ kan rí, gbogbo ẹgbẹ́ ń rọra tẹ̀lé àgbà kan, òjò bá wọn lọ́nà, iyọ̀ gbogbo wọn sì di omi. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá lè bá ẹrù tó wúwo jù rìn ti parí iṣẹ́ ọ̀nà ọjà nìyẹn. Àwọn méjì ti wà tí wọ́n jókòó sí ẹnu ilé wọn báyìí tí wọ́n ń ta ìṣáná.

Lílọ náà ni mo ti rí i. Ìgbà mẹ́ta ni Bàbá Ràímì sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ní ṣéènì wọn já. Àwọn iwájú á dín eré kù díẹ̀, Bàbá á tún bá wọn. Ṣùgbọ́n ìrù ni mí, èmi ni mo ń dúró tì wọ́n, mo sì rí ọwọ́ wọn. Kò sí ẹni tí í tún ṣéènì ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ í mọ́ tónítóní. Èjìká wọn ti ń sọ̀rọ̀ láti ìdajì ọ̀nà.

Ní Elavagnon, obì wọn tà tán. Ó yẹ kó jẹ́ ayọ̀. Àpò òfìfo ló kù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, kò sì sí ẹrù fífúyẹ́ tí ẹgbẹ́ ń dúró dè. Lẹ́yìn ọ̀sán, òjò ṣú láti apá ìlà-oòrùn. Kòmlá ń wo sánmà, ó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kíá ni a ó lọ lónìí, irin òun kò gbọdọ̀ rí omi. Mo wo Bàbá Ràímì. Wọ́n ń so okùn bàtà wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún un so. Mo mọ̀ pé bí Kòmlá bá ni ìrìn, Bàbá yóò já sẹ́yìn kí a tó dé Mono, gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Mo sì mọ̀ pé wọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí òfin tiwọn ni.

Obìnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà tó ń ta ọlọ. Mo kó gbogbo dígí àti ìyarun tó kù lọ́wọ́ mi fún un, mo gba ìyá ọlọ méjì àti ọmọ wọn. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá orí mi pé. Àwa méjèèjì la gbé wọn dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, táyà náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fẹ́ ẹ, mo wọ́ kẹ̀kẹ́ náà lọ bá àwọn yòókù.

Bàbá Ràímì ń yípo. Wọ́n gbé ìdí kẹ̀kẹ́ Kòmlá, wọ́n mi orí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n fi ọwọ́ kan gbé e, kò mì. Wọ́n fi ọwọ́ méjì gbé e, kò kúrò nílẹ̀. Wọ́n ṣí aṣọ tí mo fi bò ó díẹ̀, wọ́n rí ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì tún fi aṣọ bò ó.

“Ta ló ni ìrìn òní?” ẹnì kan bèèrè.

“Ìrù ni,” ni Bàbá Ràímì wí.

N kò lè sọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí lójú ọ̀nà náà tán. Wọ́n fi mí síwájú, mo sì rìn bí aláboyún tó gun àtẹ̀gùn. Òjò dé. Kòmlá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo ẹ̀rọ, ó bọ́ singileti rẹ̀ bò ó lé e, ó ń gùn ún ní ìhòòhò àyà, ó ń bú mi ní èdè Ifẹ̀, ó ń bú mi ní èdè Ewé, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́ ó bú mi ní Faransé. Ó ní kí ẹnì kan bi àjèjì yìí bóyá ó ti rí Atakpamé rí. Bóyá ó mọ̀ pé orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí, pé bí ènìyàn bá ṣubú níbẹ̀ orí òkúta ló máa ń ṣubú sí, pé kò sí ẹni tó gbé òkúta lọ síbẹ̀ rí láti ìgbà tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ti gbé e débẹ̀. Mo ní ọlọ Elavagnon ń lọ ata kúnná jù. Ọlọ́kọ̀ ojú omi Mono ní kí n mú ọ̀kan, bóyá èmi, bóyá òkúta. Òkúta kọ́kọ́ kọjá, mo dúró nínú òjò kó tó padà wá gbé mi. Abúlé tó wà létí odò la sùn sí. Bàbá Ràímì kò tún ṣéènì wọn ṣe rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ní ẹsẹ̀ òkè Atakpamé, kò sí ẹni tó lè gùn ún mọ́ pẹ̀lú ẹrù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Bàbá Ràímì náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n gbé ìkejì lé òkúta mi. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn, wọn kò gbọ́ ohun tí a ń sọ.

“Òkúta pọ̀ ní Atakpamé,” wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“O sì mọ̀.”

“Mo mọ̀, bàbá.”

Wọ́n bá mi ti òkúta náà títí a fi dé òkè.

Ọjọ́ tí Tìjání ń lọ, ẹgbẹ́ pé sábẹ́ igi máńgòrò láti sìn ín. Mo dúró lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Wọ́n súre fún un, wọ́n fún un ní obì fún àwọn ará ilé, wọ́n ní kí ó kí lágbájá, kí ó kí tàmẹ̀dù, n kò sì gbọ́ orúkọ mi. Mo ti ń fojú inú rí ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá Ràímì rán Kòmlá lọ sí yàrá mi kó mú ọmọ ọlọ kan wá. Ó lọ mú un wá, ó gbé e jìnnà sí ara bí ẹni gbé òkú eku. Bàbá gbé e lé Tìjání lọ́wọ́.

“Gbé èyí fún ìyá rẹ̀,” wọ́n wí. “Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ru òkúta wọ ìlú olókùúta. Òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tiwa ni. Kí ẹnikẹ́ni má wá mú un.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi nítorí kò dá mi lójú pé ẹ̀rín nìkan ni.

Èsì ìyá mi kò tètè dé. Ọwọ́ ìwé tíṣà ìjọ wa ni, Kòmlá sì ní kí n kà á sókè lójú gbogbo ẹgbẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Ìyá mi ní àwọn ti gba òkúta náà, ó bá ìyá ọlọ àwọn mu, ata ń kúnná. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní wá mọ́, ó ti wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a kọ ebè. Wọ́n ní ohun kan ló kù tí ó ń ṣe àwọn ní kàyéfì, kí n bá àwọn bi Bàbá Ràímì: láti kékeré ni àwọn ti ń rán mi ní omi, ìkòkò ń wúwo jù fún mi lójoojúmọ́ títí mo fi lọ, irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń fún mi níbẹ̀?

Bàbá Ràímì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Nígbà tí wọ́n dìde, ó pẹ́ díẹ̀ kí orúnkún wọn tó gbà. Àwa gbogbo ń wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yípo. Wọ́n gbé ti Kòmlá, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n dé ibi kẹ̀kẹ́ mi. Abẹ́rẹ́, òwú àti dígí mélòó kan ló wà lórí rẹ̀. Ìka kan ni wọ́n fi gbé e, ó sì lọ sókè bí ìyẹ́ adìyẹ. Wọ́n gbé e dúró bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa, wọn kò tètè gbé e sílẹ̀.

“Ti ọmọ yìí ló wúwo jù,” wọ́n wí.

Kòmlá wo kẹ̀kẹ́ mi, ó wo ìka Bàbá, ó wo orúnkún wọn. Lẹ́yìn náà ó wo èmi, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára mi, mo sì rí i pé ó ń rántí òjò, ó ń rántí ẹ̀wù rẹ̀, ó ń ka gbogbo èébú tó bú mi padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Yoo, ó dáa,” ó wí. “Òun ló ni ìrìn.”

Mo lọ síwájú, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo gba ọwọ́ ọ̀tún, mo sì rọra tẹ̀ ẹ́.